Òkúta Alábọ́tìnnì àti Kẹ́tùlù Ìyá Mi

"Ẹ má sè é o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sè é!" Ohun tí mo kọ sójú fóònù mi láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá nìyẹn. Nínú ẹgbẹ́ àwa òbí tó wà lórí fóònù, ìyá kan ní Yábàá ló béèrè bí òun ṣe lè fọ òkúta inú àpótí ẹja ọmọ òun. Ó ní nǹkan kan tó dà bíi bọ́tìnnì ti hù bò ó. Ẹnì kan dá a lóhùn pé kó sè é fún ogún ìṣẹ́jú, kó sì fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Ẹni mẹ́fà ti fi àtàǹpàkò gbè é lẹ́yìn kí n tó rí i. Ìyá náà ní omi ti wà lórí iná. Ó pa iná náà nígbà tó ka ọ̀rọ̀ mi, ó sì béèrè ìdí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó gùn ju ohun tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò kọ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílé wa. A ń gbé ní Èbúté Mẹ́ta, ní ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ojú irin, yàrá méjì àti pálọ̀ kan. Bí mo bá jí láàárọ̀, kí n tó la ojú rárá, òórùn òkun ni mo ń gbọ́. Kì í ṣe òórùn etíkun tí pàǹtírí ti bà jẹ́. Òórùn iyọ̀ tútù ni, bíi ti ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Inú pálọ̀ wa ló ti ń wá, láti inú àpótí gíláàsì kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tó wà lórí tábìlì irin tí bàbá mi fi iná jó pọ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo ilé ló ń pe àpótí náà ní "òkun Dádì".

Bàbá mi ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé ẹja dídì kan ní Ìjọra. Òyìnbó kan ní Àpápá, tí bàbá mi máa ń bá tún fíríìjì rẹ̀ ṣe, fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, kò sì mọ ẹlòmíràn tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú omi tutù. Ó kó gbogbo ohun tó jẹ mọ́ àpótí ẹja rẹ̀ fún bàbá mi: gíláàsì, iná, pọ́ǹpù, ẹja kékeré méjì aláwọ̀ ọsàn, àti òkúta mọ́kànlá tí iyùn ń hù lára wọn. Odindi ọ̀sán kan ni òyìnbó náà fi kọ́ bàbá mi, bàbá mi sì ń kọ ohun gbogbo sínú ìwé kan tó ní èèpo pupa.

Iyùn tí àwa mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn. Ìyá mi ní okùn kan tí ìyá rẹ̀ fún un. Nígbà tí bàbá mi wá sọ fún wa pé ẹ̀dá alààyè ni iyùn, pé ó ní ẹnu, pé ó ń jẹun, ìyá mi wò ó títí. "Dádì Títí, ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé òkú ẹranko ni mo so mọ́rùn lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa?" Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi ní, "Ó kúkú bá aṣọ mi mu."

Ṣùgbọ́n òun náà máa ń wá wò wọ́n. Bí iná àpótí náà bá tàn láago mẹ́sàn-án àárọ̀, àwọn iyùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan dà bí ọwọ́ ọmọ tuntun tó ń na ìka. Òmíràn dà bí abẹ́ olú. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí a sọ ní alábọ́tìnnì, nítorí pé ńṣe ló rí bíi kí ẹnì kan rán bọ́tìnnì kóòtù mọ́ òkúta, aláwọ̀ ilẹ̀ létí, aláwọ̀ ewé láàárín, wọ́n tó ọgọ́rin. Mo ti kà wọ́n.

Iṣẹ́ òkun yẹn kò kéré. Ooru ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Bàbá mi gbé fáànù kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sójú omi, bí omi bá sì fà, omi inú ọ̀rá la fi ń kún un padà, kì í ṣe omi òkun. Bàbá mi ní omi ló ń bá atẹ́gùn lọ, iyọ̀ kì í lọ, bí a bá tún fi omi oníyọ̀ kún un, iyọ̀ á pọ̀ jù, iyùn á sì kú. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ọlọ́kọ̀ ojú omi kan máa ń bá a pọn omi òkun kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta, tó fi ń pààrọ̀ omi tó ti dọ̀tí, láti ibi tó jìnnà sí etíkun, tí omi ti mọ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ lọ́sàn-án tí kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, a ó mú ife, a ó máa bu omi inú àpótí, a ó gbé e sókè, a ó máa dà á padà, kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ife ni tèmi, ọgọ́rùn-ún ni ti ìyá mi. Ìyá mi máa ń kà á sókè bí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ jẹ níyà.

Ohun tí bàbá mi kì í ṣe ni kó ṣàlàyé nǹkan fún ọmọdé. Ó mọ ìwọ̀n ooru omi lójoojúmọ́, ó mọ ìwọ̀n iyọ̀, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé pupa, ó sì ń gbé ìwé náà sórí wọ́dúróòbù. Ti èmi ni: "Títí, má fọwọ́ kàn án." Bí mo bá béèrè ìdí, á tún un sọ, á sì gbé ohùn sókè díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọ́ wa nígbà náà, ẹ̀yin náà mọ̀. Ìyá mi ní tirẹ̀, omi gbígbóná ló gbà gbọ́. Omi gbígbóná ló fi ń fọ abọ́, òun ló fi ń fọ ilẹ̀, òun ló ń dà sórí bẹ́ẹ̀dì nítorí ìdun. "Ohun tí o kò bá tíì fi omi gbígbóná fọ̀, o ò tíì fọ̀ ọ́." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju orúkọ mi lọ.

Àwọn alábọ́tìnnì wá ń pọ̀ sí i. Wọ́n ń gun orí iyùn yòókù, wọ́n ń pa wọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, bàbá mi wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó yọ òkúta tí wọ́n ti bò jù, ó gbé e sínú bókẹ́ẹ̀tì kan pẹ̀lú omi òkun díẹ̀, ó sì gbé bókẹ́ẹ̀tì náà sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ó ní òun á rí sí i lẹ́yìn ìmọ́tótó. "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀ o." Ó tán.

Ẹ ó rántí Sátidé ìmọ́tótó. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, láti aago méje sí aago mẹ́wàá, ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ rìn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jáde sójú títì, kálukú á wà nílé rẹ̀ tí á máa gbálẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn, àwọn ọkùnrin ilé wa wà níwájú, wọ́n ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà. Ìyá mi ti gbé kẹ́tùlù ńlá sórí sítóòfù láti fọ ilẹ̀ kíṣìnnì. Èmi, wọ́n ní kí n gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbá a dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, mo sì rí bókẹ́ẹ̀tì náà. Àwọn bọ́tìnnì ti pa ẹnu dé, omi tó yí wọn ká ti dọ̀tí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi gẹ́lẹ́, nítorí pé ìyẹn ló ṣe pàtàkì. N kò fẹ́ ṣàìgbọràn. Mo rò pé bí Dádì bá wọlé tó bá òkúta náà ní mímọ́, á gbà mí láyè láti máa bá a tọ́jú òkun rẹ̀. Mo ro ọ̀rọ̀ tó sọ dáadáa: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. N kò ní fọwọ́ kàn án. Mo fi ẹsẹ̀ ti bókẹ́ẹ̀tì wọ balùwẹ̀, mo fi igi ìgbálẹ̀ tì í ṣubú kí omi inú rẹ̀ lè lọ, òkúta sì yí sórí sìmẹ́ǹtì. Mo lọ gbé kẹ́tùlù tó ń hó. Mo dà á sí i lórí títí ó fi tán.

Èéfín rú bo gbogbo balùwẹ̀. Òórùn tó bá a jáde, n kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ láti ọjọ́ náà, bí ìgbà tí wọ́n se akàn tó ti kú lọ́jọ́ mẹ́ta. Ẹnu mi korò lójijì, ńṣe ló dà bíi pé mo lá owó idẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá mi sáré dé.

"Kí ni ò ń sè nínú balùwẹ̀ mi?"

"Mò ń fọ òkúta Dádì ni, mà. N kò fọwọ́ kàn án."

Ó wo òkúta náà, ó wò mí. Ó yẹ kó lé mi jáde, kóun náà sì jáde. Ṣùgbọ́n ìyá mi ni, ìdọ̀tí sì wà níwájú rẹ̀. "Kúrò níbẹ̀, o ò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ nǹkan. Lọ bá mi mú ọṣẹ wá, kí o gbé omi mìíràn kaná." Mo jáde. Ó kúnlẹ̀, ó mú kànrìnkàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ nínú èéfín yẹn, nínú balùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìwé ọmọ iléèwé kan lọ.

Kí omi kejì tó gbóná, mo gbọ́ tó ń wúkọ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó ti jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó di àyà mú. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Títí, ẹnu mi ti kú." Mo kígbe pe bàbá mi.

Bàbá mi sáré wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ gọ́tà lẹ́sẹ̀. Ó rí òkúta, ó rí kẹ́tùlù, ó gbọ́ òórùn náà, n kò sì tíì rí i kí ojú rẹ̀ yí padà bẹ́ẹ̀ rí. Ó di èémí, ó gbé ìyá mi jáde, ó ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ pa. Ó sáré wọ yàrá, ó na ọwọ́ sórí wọ́dúróòbù, ó mú ìwé pupa. Lẹ́yìn náà ló gbé ìyá mi sẹ́yìn ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀, ó ní kí n wọlé tì í, kí n máa bá a sọ̀rọ̀ kó má bàa sùn. Aago mẹ́sàn-án ti lọ díẹ̀. Ó ku nǹkan bí wákàtí kan kí ẹnikẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti jáde.

Ojú títì dá páropáro. Ní Costain, ọkùnrin wolé-wolé kan dúró sáàárín títì, ó na ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ ò ní aago nílé ni?"

"Ìyàwó mi ò lè mí dáadáa."

"Kí ló ṣe é?"

"Òkúta ni."

"Òkúta! Ta ló sọ òkúta lù ú?"

"Wọn ò sọ ọ́ lù ú. Ó fọ̀ ọ́ ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti gbọ́ oríṣiríṣi àwáwí láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ti òkúta fífọ̀ yìí, òun máa lọ sọ ọ́ fún ìyàwó òun. Ó tẹ̀ ba láti wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìyá mi gbójú sókè wò ó, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ikọ́ gbà á lẹ́nu. Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. Kò sọ pé kí a máa lọ. Ó ṣílẹ̀kùn iwájú, ó jókòó ti bàbá mi, ó na ọ̀pá rẹ̀ síta láti ojú fèrèsé. "Ẹ wa ọkọ̀, sà. Mo bá yín lọ, wọn ò ní dá yín dúró níwájú." Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ibi méjì ni wọ́n ti fẹ́ dá wa dúró, ó kàn ń fi ọ̀pá náà juwọ́ sí wọn ni. N kò mọ orúkọ rẹ̀ di òní. Mo ṣì máa ń gbàdúrà fún un.

Dókítà tó gbà wá ní ọsibítù ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ó ní, "Kí ni wọ́n mí símú?" Bàbá mi ṣí ìwé pupa, ó ka ojú ewé kan fún un láti òkè délẹ̀. Dókítà ní òun kò rí irú èyí rí, ṣùgbọ́n bí òun ti mọ̀ pé oró tó ń bá èéfín rìn ni, ó yá ju kí òun máa méfò lọ. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí ìyá mi nímú, wọ́n ń ṣọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, wọ́n sì gbọ́ àyà tèmi náà. Tèmi fúyẹ́. Ibà gbé ìyá mi ní ọ̀sán yẹn, ó ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ ìbora méjì.

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti pa ìyá mi. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní ibòmíràn láti gbà. Nígbà tí bàbá mi jáde wá, mo sọ ọ́. "Dádì, èmi ni mo da omi gbígbóná sí i."

Kò nà mí. Ó jókòó, ó ṣí ìwé pupa, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. "Kà á." Mo kà á. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó gún régé ni: "Alábọ́tìnnì: oró wà lára rẹ̀. Kí omi gbígbóná má kàn án láéláé. Kí a má sè é, kí a má ha á. Èéfín rẹ̀ lè pa ènìyàn." Ó ti fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ni mo kà á sí létí nínú ilé wa?"

"Kò sí, sà."

"Nítorí náà, kì í ṣe ìwọ." Ó pa ìwé náà dé. Ó wá sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Mo kọ ọ́ sílẹ̀, n kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìyá mi béèrè ẹ̀kọ gbígbóná. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá sọ fún wa, bàbá mi lọ dúró sójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń nu ojú. A wọlé bá ìyá mi. Bàbá mi ṣàlàyé ohun gbogbo, títí kan ìwé orí wọ́dúróòbù. Ohùn ìyá mi kò tíì padà tán, ṣùgbọ́n èyí tó kù tó o lò. "Dádì Títí, ẹ gbé oró wọ ilé mi. Ẹ wá kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ gbé ìwé lọ sórí wọ́dúróòbù. Ta lẹ fẹ́ kó kà á níbẹ̀, eku?" Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Lọ́jọ́ Ajé wọ́n ní ká máa lọ sílé.

Àwọn ará ilé wa ní ká da òkun náà nù. Ìyá mi ló kọ̀. Ó ní àwọn ẹja méjì yẹn kò ṣe òun ní nǹkan kan. Àmọ́ ó mú páálí bísíkíìtì kan, ó gé e, ó ní kí bàbá mi kọ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé pupa sí i ní lẹ́tà ńlá, kó sì kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà. Láti ìgbà yẹn, ní gbogbo Sátidé ìmọ́tótó, èmi ni mo ń dúró níwájú páálí náà tí mò ń kà á sókè kí ẹnikẹ́ni tó gbé omi kaná. Bí a ti wá mọ ìdí ohun gbogbo, òkun náà bẹ̀rẹ̀ sí í dára sí i. Ìyá mi mọ ìgbà tí omi nílò kíkún. Èmi ń wọn iyọ̀. Iyùn tó dà bí ọwọ́ ọmọ tuntun yẹn di igbó kékeré kan kí n tó parí ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Àgùdà ni mò ń gbé báyìí, pẹ̀lú ọmọbìnrin mi, Tèmi, ọmọ ọdún méjìlá. Ó bẹ̀ mí fún odidi ọdún kan kí n tó gbà á láyè láti ní òkun tirẹ̀. Ti ìsinsìnyí rọrùn díẹ̀: iyọ̀ inú ọ̀rá la ń pò mọ́ omi tí a ti sẹ́, a sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí omi náà tó yẹ fún ohun alààyè. Mo ra ìbọ̀wọ́ àti jígí ìdáàbòbò ojú kí n tó ra ẹja. Kẹ́tùlù kì í kọjá ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì mi. Ọmọ náà ní mo ń bẹ̀rù jù, bóyá òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ tí a gbé òkúta àkọ́kọ́ dé, ọmọ náà na ọwọ́ sí i, mo sì gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́nu ara mi: "Má fọwọ́ kàn án!" Tèmi ní, "Kí ló dé, Mọ́mì?" Mo ti la ẹnu láti tún un sọ, kí n gbé ohùn sókè díẹ̀. Mo pa á dé. Mo jókòó, mo sọ ti òkúta, ti kẹ́tùlù, ti ìyá àgbà rẹ̀ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú balùwẹ̀. Nígbà tí mo parí, òun fúnra rẹ̀ ló lọ wá páálí àti gègé.

Mo ti ro ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó gbé kẹ́tùlù yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún mo pè é ní olóríkunkun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ràn dé ibi tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún un mọ. Èmi àgbàlagbà yìí ni mo ní láti ṣọ́ra, nítorí pé èmi ni mo mọ ìyókù ọ̀rọ̀ náà.

Èmi kì í ṣe dókítà o, ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Bí òkúta iyùn alààyè bá wà nílé yín, ẹ má fi omi gbígbóná kàn án, ẹ má sè é, ẹ má ha á. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú omi rẹ̀, kí ẹ pe ẹni tó tà á fún yín. Bí ẹnu ẹnì kan bá korò lójijì nídìí rẹ̀ tó sì ń wúkọ́, ẹ jáde, ẹ lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé òkúta iyùn ni. Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé yín, pàápàá ẹni tó ń fọ nǹkan, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.